Apgar Kì í Ṣe Lẹ́tà Márùn-ún Lásán: Ìtàn Dókítà Virginia Apgar

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan báyìí, gbogbo ara ògiri wa ni ó máa ń lẹ bébà mọ́, èmi tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn á sì di nọ́ọ̀sì tipátipá. Orí ọ̀kan nínú àwọn bébà yẹn ni mo ti rí lẹ́tà márùn-ún tí ó tò sí abẹ́ ara wọn: A, P, G, A, R. Ó kọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àwọ̀ ara, lílù ọkàn, fífajúro, mímira, mímí. Mo ní ó jọ irú nǹkan tí àwọn olùkọ́ máa ń hun pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè há a sórí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ ènìyàn ni. Mo ní ọkùnrin ará ibo? Ó ní obìnrin ni, àmọ́ òun kò mọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n bí yín sí, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn, Èkó, Àkúrẹ́ tàbí Ìlú Ọba, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fún yín ní máàkì kí ẹ tó mọ ọmú ìyá yín. Ẹ béèrè káàdì yẹn lọ́wọ́ màmá yín bí wọ́n bá ṣì tọ́jú rẹ̀. Ìdánwò tí ẹ kọ́kọ́ ṣe láyé nìyẹn. Ẹni tí ó gbé ìdánwò náà kalẹ̀ kì í ṣe dókítà ọmọdé, kì í sì í ṣe agbẹ̀bí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni fífún aláìsàn ní oògùn akunnilóorun, èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora nígbà tí ọ̀bẹ bá kàn án. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe nìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ọdún 1909 ni a bí Virginia Apgar ní ìlú Westfield, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Òun ni àbígbẹ̀yìn ọmọ mẹ́ta. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kékeré, àìsàn kò sì fi èkejì lọ́rùn sílẹ̀. Bàbá rẹ̀, Charles, ní iṣẹ́ tí ó fi ń bọ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rédíò àti wíwo ìràwọ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ilé náà kún fún orin pẹ̀lú, kékeré sì ni Virginia ti ń ta fáólìn. Ohun kan tí kò kọ́ ní ilé yẹn títí ó fi kú ni oúnjẹ sísè. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ pé kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀.

Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Mount Holyoke, ó kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko, ó sì jáde ní 1929. Owó ilé kò tó, nítorí náà ó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ní ọgbà ilé ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ni kí ó máa mú ológbò wá fún yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta káàdì ìpè àti búrẹ́dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kí ẹ lè san owó ilé ìwé, ẹ rí i pé ó pẹ́ tí nǹkan ti rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1929 náà ni ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Columbia ní New York. Nínú àádọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀, mẹ́sàn-án péré ni obìnrin. Kò tíì pé oṣù méjì tí ó débẹ̀ tí ọjà ìdókòòwò New York fi dojú dé, tí ìyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Ó yá owó níhìn-ín, ó yá a lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó jáde ní 1933, ipò kẹrin ni ó wà ní kíláàsì rẹ̀, gbèsè tí ó jẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 dọ́là. Owó kékeré kọ́ nìyẹn láyé ìgbà náà.

Iṣẹ́ abẹ ni ó wù ú. Wọ́n gbà á síbẹ̀ ní ilé ìwòsàn Presbyterian lábẹ́ Allen Whipple, ọ̀gá àgbà oníṣẹ́ abẹ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn títí dòní. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà dáa. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kò mọ iṣẹ́, àní Whipple alára kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Whipple sọ fún un ni pé kí ó má tẹ̀ síwájú. Ó ní òun ti kọ́ àwọn obìnrin kan ní iṣẹ́ abẹ ṣáájú rẹ̀, wọn kò sì rí jẹ nídìí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin gan-an kò rí aláìsàn tí yóò sanwó nígbà yẹn. Ó wá ní kí ó lọ síbi oògùn akunnilóorun, nítorí pé bí iṣẹ́ yẹn kò bá gòkè, iṣẹ́ abẹ náà kò ní gòkè.

Mo ti ka ìtàn yìí níbi púpọ̀, èrò mi kò sì dúró lójú kan lórí rẹ̀. Àwọn kan sọ pé Whipple ríran jìnnà. Àwọn kan ní ó lé ọmọbìnrin dànù ni. Èmi rò pé òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí ó sọ nípa iṣẹ́ akunnilóorun tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sọ irú rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin kíláàsì náà pé torí pé wọ́n jẹ́ ọkùnrin, kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó jẹ gbèsè tó bẹ́ẹ̀ kò sì lè bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn púpọ̀.

Kí ni wọ́n ní kí ó lọ ṣe gan-an? Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, àwọn nọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń fún aláìsàn ní oògùn akunnilóorun. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ kò kà á sí iṣẹ́ dókítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ó bá ń ṣe é ni ẹ̀mí aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oògùn bá kéré, aláìsàn á jí sábẹ́ ọ̀bẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, kò ní jí mọ́. Ẹni tí ó jókòó síbi orí aláìsàn ni ó ń ṣọ́ èémí rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti àwọ̀ ètè rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: èémí, ọkàn, àwọ̀. Yóò padà wá.

Apgar lọ kọ́ iṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tirẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Madison ní Wisconsin, lọ́dọ̀ Ralph Waters, ẹni tí ó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ akunnilóorun sílẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ó lọ sọ́dọ̀ Ernest Rovenstine ní ilé ìwòsàn Bellevue ní New York. Ní Madison, kò sí yàrá tí wọ́n pèsè fún dókítà obìnrin, ó sì ń kó ẹrù káàkiri. Ní Bellevue, ibùgbé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi í sí. Ó ní ìwé ẹ̀rí dókítà lọ́wọ́, ibi tí yóò sùn ni kò sí.

Ní 1938 ó padà sí Columbia láti jẹ́ olórí ẹ̀ka akunnilóorun. Ọmọ ọdún 28 ni. Orúkọ oyè náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ òun nìkan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà títí di àárín àwọn ọdún 1940. Owó oṣù kéré, àwọn oníṣẹ́ abẹ kò gbà pé ẹgbẹ́ wọn ni dókítà akunnilóorun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde kò sì fẹ́ wá síbi tí kò sí owó. Ó fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ilé yẹn ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilé fi máa dúró, ní 1949, wọ́n sọ ẹ̀ka náà di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró, wọ́n sì mú ọkùnrin kan, Emanuel Papper, wá láti ìta ṣe olórí rẹ̀.

Wọ́n fi Apgar jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún kan náà. Òun ni obìnrin tí ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Columbia, inú àwọn ìwé ìtàn sì máa ń dùn sí èyí débi pé wọn kì í dúró lórí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń fún un ní fìlà. Ní gbangba, Apgar máa ń sọ pé jíjẹ́ obìnrin kò dí òun lọ́wọ́ rí. Ní ìkọ̀kọ̀, ó máa ń ráhùn, pàápàá lórí owó oṣù. Àwa ọmọ Yorùbá mọ irú àgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò ní kò sí nǹkan kan lójú àlejò, tí yóò wá lọ sọ ti inú rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Bí kò ti sí lórí àga olórí mọ́, àyè ṣí sílẹ̀ fún un. Kò sí ìwé owó tí yóò buwọ́ lù, kò sí ìpàdé. Ó kó lọ sí yàrá ìrọbí ní Sloane, ilé ìwòsàn àwọn obìnrin tí ó wà lábẹ́ Columbia. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé ìyá nìkan ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Ìdí sì wà fún un. Ikú àwọn ìkókó ti ń dín kù ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n iye àwọn tí ń kú láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n dé ayé kò yí padà. Bí ọmọ bá jáde tí kò ké, olúkúlùkù a máa ṣe ohun tí ó bá mọ̀. Àwọn kan á gbá a nídìí, àwọn kan á rì í sínú omi gbígbóná, kí wọ́n tó tún rì í sínú omi tútù. Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni. Àwọn ìyá àgbà wa náà máa ń gbé ọmọ dorí kodò, wọ́n á sì bu omi tútù sí i lára kí ó lè ké. Èyí tí ó bá kéré tàbí tí ara rẹ̀ rọ̀ jù, wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kò ní yè. Kò sí òṣùwọ̀n kankan. Dókítà kan á ní ọmọ yìí dáa, èkejì á ní kò dáa, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1949, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, Apgar ń jẹun ní ilé oúnjẹ ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bi í pé báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ bí ara ọmọ tuntun ṣe le tó. Ó ní ìyẹn kò le. Ó fa bébà tí ó wà nítòsí, ó kọ nǹkan márùn-ún sí i, ó sì sáré lọ sí yàrá ìrọbí láti dán an wò.

Ohun márùn-ún náà ni ohun tí dókítà akunnilóorun ń ṣọ́ lójoojúmọ́ lára àgbàlagbà. Ṣé ọkàn ń lù, ṣé ó sì tó ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé ó ń mí dáadáa tó láti ké? Bí a bá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ nímú, ṣé ó ń fajú ro, ṣé ó ń sín? Ṣé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, àbí wọ́n rọ̀ jọwọlọ? Àwọ̀ ara rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo, ení tàbí èjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú kan géérégé lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde tán ni kí wọ́n ṣe é, wọn kò gbọdọ̀ dúró de olóbì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi ti ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Ó tún kìlọ̀ pé kí ẹni tí ó gbẹ̀bí má ṣe òun ni yóò fún ọmọ ní máàkì. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí í pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní kíkan.

Ó ka ìwé náà níwájú àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1952, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwa aláwọ̀ dúdú dúró lé lórí. Nínú gbogbo àmì márùn-ún, Apgar fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ pé àwọ̀ ara ni kò tẹ́ òun lọ́rùn jù. Ó ní ohun tí ó máa ń bo ara ọmọ tuntun kì í jẹ́ kí a rí i dáadáa, àti pé àwọ̀ tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú jogún náà kì í jẹ́ kí ó hàn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ara ọmọ pọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó má ní àwọ̀ aró níbì kankan. Ọmọ ta ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ báyẹn? Àríyànjiyàn lórí ìyẹn ṣì ń lọ títí di ìsinsìnyí. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá sọ fún mi pé ahọ́n, inú ètè, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn láti wò. Mo rántí màmá mi àgbà. Etí ọmọ tuntun ni wọ́n máa ń yí wò láti mọ bí yóò ṣe dúdú tó. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ojú kan ṣoṣo kọ́ ni à ń wò lára ọmọ.

Máàkì náà tàn kálẹ̀ nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ojú, ọwọ́ àti aago ti tó. Lójú tèmi, ohun tí ó tóbi jù níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè fún ọmọ ní máàkì láìwò ó. Ọmọ tí wọ́n ì bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti ní ẹni tí yóò dúró tì í fún ìṣẹ́jú kan, bí ẹni náà bá sì rí i pé máàkì kò ju mẹ́ta lọ, yóò ṣòro fún un láti ká ọwọ́ gbera.

Nọ́ńbà wọ̀nyí wá yí padà sí Apgar alára. Òun pẹ̀lú Duncan Holaday àti Stanley James bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò, wọ́n sì ń fi í wé máàkì wọn. Èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn fa afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní cyclopropane nígbà ìbímọ kì í ta kébé bí àwọn yòókù. Afẹ́fẹ́ yìí ni Apgar fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ó ń lò. Kò jà fún un, kò ní kí wọ́n tún un ṣe wò. Ó ní ó dàbọ̀ fún un, ó sì pa á tì. Ìwé kejì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1958 dá lórí ọmọ 15,348. Bí mo bá ní kí n mú ọjọ́ kan nínú ayé obìnrin yìí tí mo fẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbé èsì cyclopropane yẹn síwájú rẹ̀ ni.

Ní 1959, nígbà tí ó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó gba àyè lọ kọ́ ìmọ̀ ìlera gbogbo ènìyàn ní Yunifásítì Johns Hopkins. Kò padà sídìí oògùn oorun mọ́. Àjọ March of Dimes, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà, ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, wọ́n sì ń yíjú sí àbùkù ara tí a ń bí mọ́ ọmọ. Wọ́n ní kí ó wá darí iṣẹ́ náà. Láyé ìgbà yẹn ìtìjú ni, wọ́n a máa fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sílé. Ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, ó sì ń pariwo pé kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ rùbẹ́là, nítorí àìsàn tí kò pa ìyá lè ba ojú àti etí ọmọ inú jẹ́. Ní 1972, òun àti Joan Beck kọ ìwé kan fún àwọn òbí, *Is My Baby All Right?*

Ní àkókò yìí ni dókítà ọmọdé kan, Joseph Butterfield, rí i ní 1962 pé lẹ́tà orúkọ rẹ̀ bá àmì márùn-ún náà mu bí a bá yí ọ̀rọ̀ wọn padà díẹ̀. Ibẹ̀ ni bébà ara ògiri wa ti wá. Inú Apgar dùn sí i. Ó máa ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà tí ènìyàn bá ní òun kò mọ̀ pé ènìyàn ni Apgar. Mo wà nínú wọn, mo túúbá.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nítorí àwọn tí yóò lọ yẹ káàdì wọn wò. Máàkì yìí kì í ṣe ti ọpọlọ. Ẹni tí wọ́n fún ní mẹ́fà kò ya ọ̀dọ̀, ẹni tí ó sì gba mẹ́sàn-án kò ní torí ẹ̀ gba A nínú GST. Ó ń sọ bí ara ọmọ ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn, àti bóyá ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé àti ti agbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi òun nìkan sọ bí ọ̀la ọmọ yóò ṣe rí.

Kò fẹ́ ọkọ. Ó ń yára sọ̀rọ̀, ó sì ń yára wa ọkọ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀bẹ kékeré àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń la ọ̀nà èémí wà nínú báàgì rẹ̀ níbikíbi tí ó bá ń lọ, nítorí ó ní kò sí ẹni tí yóò dákẹ́ mímí níwájú òun. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ni ó pa á ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, 1974, ní ilé ìwòsàn tí ó ti lo ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹni ọdún 65 ni.

Ọgún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1994, Amẹ́ríkà fi àwòrán rẹ̀ sára sítáǹpù. Níbi tí wọ́n ti ṣí i, àwọn dókítà ọmọdé tí wọ́n mọ orin fi fáólìn, fiọ́là àti sẹ́lò tí Apgar fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kọrin. Carleen Hutchins, tí ó ti jẹ́ aláìsàn rẹ̀ rí, ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yẹn. Ní 1957, àwọn méjèèjì rí pákó dáadáa kan tí wọ́n fi ṣe pẹpẹ nínú àpótí tẹlifóònù ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò fún wọn. Wọ́n wá lọ ní òru. Apgar ń ṣọ́nà, Hutchins ń tú pákó. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ gùn jù díẹ̀, wọ́n sì ní láti lọ rẹ́ ẹ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin. Pákó tí wọ́n jí yẹn ni ó di ẹ̀yìn fiọ́là Apgar.